Bí Wọ́n Ṣe Wá Ọmọ fún Adákẹ́pani

Ọkọ mi ti pa èèyàn tó lè kún bọ́ọ̀sì méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pa adìẹ. Èmi ni mo máa ń pa adìẹ nílé wa; tí mo bá ti mú ọ̀bẹ, òun á wọ yàrá lọ, á ní òun ń wá nǹkan. Iṣẹ́ fíìmù ló ń ṣe. Fíìmù mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ṣe nípa apànìyàn kan tí wọ́n ń pè ní Adákẹ́pani, ọkọ mi ló sì wà nínú kóòtù dúdú àti ìbòjú funfun yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Adákẹ́pani kì í sọ̀rọ̀, kì í sáré, kì í sì í bọ́ ìbòjú. Ó kàn máa ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó ń sá fún un á fẹsẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ á bùṣe. Tọmọdé tàgbà ló mọ Adákẹ́pani. Ojú ọkọ mi gan-an, àwọn tí wọ́n jọ ń tò fún búrẹ́dì láàárọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo ń rán kóòtù rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ fíìmù kì í ṣí lára aṣọ bọ̀rọ̀, nítorí náà kóòtù kan náà ni mo máa ń rán lọ́pọ̀ ìgbà fún fíìmù kan ṣoṣo, kí òmíràn lè wà nílẹ̀ bí wọ́n bá ti ba ọ̀kan jẹ́. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún mi lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn: maṣíìnì méjì, tábìlì gígùn kan, áyọ́ọ̀nù, àti fèrèsé kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń da àfọ́kù pákó sí. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bá ń kọjá. "Ìyàwó apànìyàn, ẹ káàárọ̀ o!" Èmi náà á ní, "Ẹ rọra o, ó ti jí."

Nígbà tí fíìmù kẹjọ jáde, àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti figbe ta gan-an ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ ní bàbá àgbà ni Adákẹ́pani, wọ́n ní kí wọ́n bá a wá ọ̀pá kó má baà ṣubú. Ó dun ọkọ mi, àmọ́ kò sọ. Àwọn olówó fíìmù bá gbé olùdarí tuntun wá, ọmọbìnrin kan tó lọ́yàyà, tó mọ èèyàn kí. Ó ní láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òun ti ń bẹ̀rù Adákẹ́pani, pé òun ò sì ní jẹ́ kó kú ikú yẹ̀yẹ́ lójú òun. "Mama, a máa tún un dá ni," ó sọ fún mi. "A fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ìdí tó fi ń pààyàn. A fẹ́ kí wọ́n káàánú rẹ̀."

"Ṣé ẹni tí wọ́n fẹ́ pa á kọ́kọ́ béèrè ìdí ni?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò ṣeré.

Wọ́n pe ọkọ mi sí yàrá òkè, níbi tí àwọn tó ń kọ ìtàn máa ń jókòó yí tábìlì ká. Wọ́n ní kó wá sọ irú ẹni tí òun rò pé ó wà lábẹ́ ìbòjú náà. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó rò rí. "Dúró síbí, gba ọ̀hún lọ" ni wọ́n máa ń sọ fún un. Ó wọlé láàárọ̀, kò jáde títí mo fi da aṣọ bo maṣíìnì mi. A jọ ń rìn lọ sílé, mo bi í pé kí ni wọ́n bá a sọ. Ó ní, "Wọ́n fún wa ní tíì." Mi ò kà á sí nǹkan bàbàrà, torí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Olùdarí wá bá mi ní yàrá ìránṣọ. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Mama, iṣẹ́ kékeré kan ni mo gbé wá o. Adákẹ́pani ti bímọ."

"Ẹ kú ewu ọmọ," mo ní. "Ta ni ìyá ọmọ? Ẹ bá mi sọ fún un kó tètè sá."

"Ìyá ò sí nínú ìtàn, Mama. Ọmọ náà gan-an ti kú. Ikú ọmọ yẹn ló sọ bàbá rẹ̀ dà báyìí. Ẹ bá wa rán gáùn kan, ti ọmọ ọdún mẹ́rin, aláwọ̀ ewé. Inú kóòtù ló máa wà. Níparí, ó máa bọ́ ìbòjú, ó máa mú gáùn náà jáde láyà, á wá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́."

Mo ti mú ṣọ́ọ̀kì, mo ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Mo bi í ní gígùn, mo bi í ní ọrùn, ó ń dá mi lóhùn. "Kí àpò méjì wà níwájú," ó ní, "àmọ́ kí ẹ rán ẹnu ti ọwọ́ ọ̀tún pa. Ọmọ yẹn máa ń kó òkúta sínú rẹ̀."

Ọwọ́ mi dúró lórí aṣọ.

A bí ọmọ kan rí, ọkọ mi àti èmi. Obìnrin ni. Tó bá rí òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, á ṣà á, á nù ún mọ́ra, á kó o sápò, la bá ń pè é ní Ìyá Olókùúta. Àwọn òkúta náà ń ya àpò, mo bá fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu rẹ̀ pa lọ́jọ́ kan. Ó wo àpò, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ ti tì í," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sí ti òsì. Ibà ló mú un lọ. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́ tó fi parí. Àwọn èèyàn wá kí wa, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọn ò purọ́, agbè ò fọ́ lóòótọ́. Omi ni kò dé inú rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ti ń fi orúkọ ọmọ pè mí wá ń pè mí ní Télọ̀, kó má baà dùn mí, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ọkọ mi ní tiẹ̀ ò dárúkọ ọmọ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo omi tó wà lórí iná. Nígbà tó yá, mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní bóyá ó ti gbàgbé, torí ẹ̀dá ò rí bákan náà.

"Ta ló ro ti àpò yìí?" mo bi Olùdarí.

"Bàbá ni o! Mama, ẹ ò sọ fún wa pé ọpọlọ ọkọ yín pé tó báyìí. Gbogbo rẹ̀ pátá, àwọn ló rò ó. Ṣé ẹ rántí ibi tí wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú fíìmù kẹta?"

Ta ni kò rántí? Ibẹ̀ ni òkìkí Adákẹ́pani ti kàn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di férémù ìlẹ̀kùn mú, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ṣe nǹkan kan. Kò sí ọmọdé tí kò tíì dúró bẹ́ẹ̀ rí láti fi dẹ́rù ba àbúrò rẹ̀.

"Bàbá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún ọkùnrin yẹn ni pé ọmọ rẹ̀ kú. Ọ̀sán ni wọ́n sọ fún un. Ó yẹ kó máa lọ sílé, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Bàbá ní ìdí tó fi di ìlẹ̀kùn mú nìyẹn, pé tó bá fi í sílẹ̀, ṣe ló máa ṣubú. Wọ́n ní ó ń dúpẹ́ pé ìbòjú wà lójú òun, torí abẹ́ rẹ̀ ló ti ń sunkún, tí gbogbo èèyàn ń wò ó, tí ẹnì kankan ò mọ̀." Olùdarí nu ojú ara rẹ̀. "Mama, ta ló lè jókòó ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó pa ìlẹ̀kùn dé tó bá ń lọ.

Lọ́jọ́ tí ọmọ wa kú, fíìmù kẹta yẹn ni wọ́n ń yà. Ọ̀sán ni mo rán èèyàn sí ilé iṣẹ́ wọn, ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi tó wọlé. Ojú rẹ̀ gbẹ. Àwọn àgbà tó wà níjòókòó ní ọkùnrin ni, ó ṣe ọkàn akin. Gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, mo máa ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ tí mo rán pẹ́ kó tó dé etí rẹ̀. Tínú bá wá ń bí mi, mà á ní ó dé etí rẹ̀, ó kàn parí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní báyìí mo ti mọ̀. Ó dé etí rẹ̀, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń sunkún. Mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ gbé, ìbínú ni àbí àánú. Ìbínú ló sún mọ́ mi jù, òun ni mo gbé lọ sílé.

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pe ọkọ mi ní ìwọ.

"O sọ fún wọn," mo ní.

Abọ́ ló ń fọ̀. Kò bi mí pé kí ni. "Wọn ò mọ̀ pé òótọ́ ni," ó ní.

"Èmi mọ̀! O kó ọmọ mi lé apànìyàn lọ́wọ́. Wọ́n á ní torí rẹ̀ ló ṣe ń fi àáké gé àwọn ọmọ ọlọ́mọ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọmọ tí kò lè tẹ èèrà pa. Wọ́n tún ní kò níyàá. Ṣé orí igi ló ti já bọ́ ni?"

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ni."

"Èmi ńkọ́? Ṣé etí tèmi di ni?"

Ó pa ẹ̀rọ omi. Ó dúró, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Tí mo bá sọ ọ́ fún ẹ, òótọ́ ló máa jẹ́," ó ní. "Lọ́dọ̀ wọn, ìtàn ni."

Mo ní kó lọ sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà kúrò. Ó ní òun ò ní lọ. Kì í ṣe ẹni tó máa ń bá mi jiyàn. Bí mo bá ní ká jẹun, a máa jẹun, bí mo bá ní ká lọ sùn, a máa lọ sùn. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó fàáké kọ́rí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni wọ́n máa jẹ́ kí n bọ́ ìbòjú yẹn," ó ní. "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n bọ́ ọ."

Mo sọ fún Olùdarí pé mi ò ní ráyè rán gáùn. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé wa dákẹ́. A ń jẹun, a ń kí ara wa, a ń kọ ẹ̀yìn síra sùn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya apá ìparí náà pé, mo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí àyà kóòtù náà gbọ́dọ̀ ṣí wẹ́rẹ́, èmi ni mo sì mọ bó ṣe ń ṣí. Yàrá kan ni wọ́n fi pákó kàn sáàárín gbọ̀ngàn, wọ́n tan iná ńlá yí i ká, wáyà kún ilẹ̀ bí ìfun adìẹ. Gáùn tí wọ́n rà wà lórí àga. Àwọ̀ ewé ni lóòótọ́. Àpò ọ̀tún, ẹnì kan ti fi òwú dúdú tó nípọn rán an pa, gbàgẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá rán ẹnu àpò ìrẹsì. Mo wò ó títí, ara mi ò gbà á. Mo gbé e, mo wá ibi jókòó, mo tú òwú náà, mo fi òwú aláwọ̀ ewé tún un rán, wẹ́kú, bí mo ṣe rán an nígbà náà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ máa fi ọmọ mi ṣe fíìmù, wọn ò ní fi ìránkúràn ṣe é.

Ọkọ mi rí mi. Mo lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo tú okùn ìbòjú náà díẹ̀ kó lè rọrùn fún un láti bọ́, mo ki gáùn bọ inú kóòtù, mo di bọ́tìnnì. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Mo bá jáde.

Mi ò lè dúró gbọ́ ọ láàárín àwọn tó ń jẹ bisikíìtì. Mo jókòó síta sórí àfọ́kù pákó níwájú fèrèsé mi. Mo ní tó bá di ọjọ́ tí fíìmù náà bá jáde, mà á gbọ́ ọ nínú òkùnkùn ilé sinimá, níbi tí ẹnì kankan ò ti ní máa wo ojú mi. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn tó ń gbé iná ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. Kápẹ́ńtà wọn, ọkùnrin tó sanra bí àgbá, dúró lọ́dọ̀ mi. "Ìyàwó apànìyàn," ó ní, "ọkọ yín pa wá lónìí." Olùdarí ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé òun ò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ni inú mi ti ń rọ̀. Mi ò sọ fún ọkọ mi, àmọ́ mo ti ń retí fíìmù náà, mo ń ka oṣù bí aboyún. Ní ọ̀sán, tí mo bá ń lọ aṣọ, mà á máa rò ó pé láwọn ìlú tí a ò dé rí, àwọn èèyàn á jókòó, wọ́n á gbọ́ pé ọmọ kan wà tó ń kó òkúta sápò, àti pé ẹnì kan sunkún rẹ̀. Ti apànìyàn ò tún dùn mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá gbọ́dọ̀ gba ẹnu apànìyàn jáde, kó ṣáà ti jáde. Ohun tó ká mi lára jù ni pé èmi náà máa gbọ́. Mà á mọ ohun tó wà nínú ọkọ mi láti gbogbo ọdún yìí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì tó jáde ni a lọ, àwa méjèèjì. A jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, igbe ta, mo di ojú mi títí, mo la etí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí mo rí yàrá pákó yẹn, mo la ojú. Adákẹ́pani wọlé, ó dúró, iná tàn sára kóòtù tí mo rán. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú. Àáké ni ọwọ́ náà lọ gbé. Ó gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀, òkùnkùn bo ojú ògiri, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, orúkọ tèmi náà sì wà níbẹ̀. Ilé pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìbòjú ò kúrò lójú rẹ̀. Kò sí gáùn, kò sí ọmọ.

Olùdarí ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, kò lè gbé ojú sókè. "Ó yẹ kí n ti wá sọ fún yín," ó ní. "Ojú ló ń tì mí. Wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn òǹwòran díẹ̀ kó tó jáde. Ibi tí Bàbá ti bọ́ ìbòjú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí gáùn yẹn wá jáde, ẹ̀rín náà tún pọ̀ sí i. Àwọn olówó ní kò jọ òótọ́. Wọ́n ní kí apànìyàn máa jẹ́ apànìyàn."

"Èyí tí ẹ yọ yẹn," mo ní, "níbo ló wà?"

"Wọ́n ti pa á rẹ́, Mama."

Mo fẹ́ bú u. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọmọ ta ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Olùdarí. Ẹ kú iṣẹ́," ó sì ń lọ. Mo tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà, ọmọkùnrin méjì tó jáde nílé sinimá ń fi bí Adákẹ́pani ṣe ń rìn ṣeré níwájú wa, wọn ò mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn àwọn.

A dé ilé, a jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná. Oòrùn ṣì wà. Mi ò ní ìbínú kankan lára mọ́, àárẹ̀ ló kù. Èmi tí mo jà pé kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n ti yọ ọ́, ó sì dà bí ẹni pé ọmọ náà tún kú ni.

"Ẹ sọ fún mi," mo ní. "Ohun tí ẹ sọ níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sí níbẹ̀. Ẹ wá sọ ọ́ fún èmi."

"Mo ti sọ ọ́ tán," ó ní. "Mò ń wá a nínú mi, kò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo rò pé mà á pariwo. Mi ò rí ariwo pa. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ orí síwájú.

"Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ ọmọ náà. Mi ò bi ẹ́ rí. Kí ló sọ gbẹ̀yìn?"

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Gbogbo ẹni tó wá kí wa nígbà náà ló bi mí pé oògùn wo la fún un, pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kankan ò bi mí ní ohun tó sọ.

"Ó ní kí n gbé bàtà òun wọlé," mo ní, "kí òjò má baà pa á."

"Ṣé òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà ni?"

"Rárá. Oòrùn ló ń ràn. Ibà ló ń sọ̀rọ̀."

Ó rò ó. "Ṣé o gbé e wọlé?"

"Mo gbé e wọlé," mo ní. "Mo gbé e síbi tó ti lè rí i."

Ọkọ mi gbé orí lé tábìlì, ó bú sẹ́kún. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, àwọn aládùúgbò ń gbọ́, mi ò sì dìde lọ tì í.